Kí ló ń ṣọ́ igbó Pobẹ̀?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu yóò kọjá ní Sakété, yóò sì dé Pobẹ̀. Níbẹ̀ ni oko ìwádìí ọ̀pẹ wà, tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1922. Igbó kìjikìji kékeré kan ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ oko náà. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní orílẹ̀-èdè Benin, nítorí pé ọ̀dàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí òkun níhìn-ín.

Ẹ̀rù ló ń ṣọ́ igbó Orò. Ààlà oko ìwádìí ló ń ṣọ́ igbó Pobẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ń fẹ̀, ọbẹ̀ kò sì lè jiná láìsí igi ìdáná. Kí àwọn aláṣẹ tó pín ilẹ̀ ìkọ́lé tuntun, ó yẹ kí wọ́n fi ààlà igbó náà han àgbẹ̀ àti aṣẹ́gi àyíká rẹ̀.