Ẹ Jẹ́ Ká Pàdánù Lọ́dún Yìí

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ìwé wa tá a ṣe kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin gba mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù gba wákàtí méjì gbáko: ṣé ikọ̀ ilé ìwé wa máa rí nǹkan ṣe nínú Principals' Cup sáà tó ń bọ̀ yìí, àbí ojú tún máa tì wá? A ò sọ pé ó burú o. Àwa náà wà níbẹ̀, a sì pariwo bíi tàwọn yòókù. Ẹni tó bá lọ ilé ìwé girama l'Ékòó tí Principals' Cup ò mú ara ẹ̀ gbóná rí, àfi kó jẹ́ pé ilé ẹ̀ jìnnà débi tó fi máa ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì kété tí aago bá ti lù.

Sáà tó kọjá, a ò jáde ní dístríìtì wa. Dístríìtì ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni ìpínlẹ̀ Èkó ní, àwọn aládùúgbò wa lásán ló sì ti kọ́kọ́ fẹ̀yìn wa balẹ̀. Kípà wa, àwọn méjì tó ń dúró láàárín ẹ̀yìn, àti nọ́ńbà 9 wa, gbogbo wọn ti ṣe WAEC, wọ́n ti lọ. Nínú àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn, mẹ́ta péré ló kù. Ẹnì kan ní ká gbá 4-4-2 ká kàn máa ṣọ́lé. Ẹnì kan ní kóòṣì ni ìṣòro. Ẹnì kan tó ti ń gbé Kánádà tipẹ́tipẹ́ ń pariwo látinú fóònù pé àwọn ọmọ òde òní ò lágbára mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jáde ṣáájú wa dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ọmọ mẹ́rin ń bọ̀.”

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ká má parọ́, àwọn kan nínú wa náà ti pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó ronú. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi táwọn ọmọ mẹ́rin náà ti ń bọ̀, torí gbogbo wa la mọ̀. Mẹ́sínárì ni wọ́n.

Fún ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń lọ: ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní akádẹ́mì àdúgbò, tó ti jáde ilé ìwé tàbí tí ò tiẹ̀ parí ẹ̀, la máa lọ bá. A máa kọ orúkọ ẹ̀ sí SS2 lóṣù kẹsàn-án, a máa rán yúnífọ́ọ̀mù fún un, a máa gba afidáfíìtì ní kóòtù tó máa sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ọmọ tó ti ń fá irùngbọ̀n o. Ẹ ò ní í rí i ní kíláàsì, ẹ ò ní í rí i lọ́jọ́ ìdánwò. Bí ìdíje bá parí, òun náà ti lọ nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n tówó wà lọ́wọ́ wọn ló ń sanwó, ilé ìwé á sì ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Ohun tá a fẹ́ sọ ò gùn. Ká má kó ẹnikẹ́ni wá. Bí a ò bá kó ẹnikẹ́ni wá, wọ́n máa nà wá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà wá.

Èsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa ni pé gbogbo ilé ìwé ló ń ṣe é. Irọ́ ni, kì í ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbà pé gbogbo wọn ni: kí wá la fi wákàtí méjì jiyàn lé lórí? Tó bá jẹ́ pé àpò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ìwé kan ló ń bá àpò ti òmíì figagbága, ká kúkú kó owó sórí tábìlì, ká kà á, ká gbé ife-ẹ̀yẹ fún ẹni tówó ẹ̀ pọ̀ jù, káwọn ọmọ sì padà sí kíláàsì. Èèyàn ò lè máa sọ pé “ikọ̀ wa” nípa àwọn tó máa mọ ọ̀nà ẹnu géètì wa fúngbà àkọ́kọ́ lóṣù kẹsàn-án.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà làwa díẹ̀ tá a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹun, irú ẹ̀tàn yìí ò sì ṣàjèjì sí wa. Tẹ́ ẹ bá kọ prógíráàmù, ẹ máa kọ ìdánwò tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀lẹ tó bá wà nínú iṣẹ́ wa kì í tún prógíráàmù yẹn ṣe. Ìdáhùn tí ìdánwò ń retí ló máa lọ kọ síbẹ̀ ní tààràtà. Gbogbo nǹkan á yọ àwọ̀ ewé, inú ọ̀gá á dùn. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá gbé nọ́ńbà míì dé, gbogbo ẹ̀ á dojú dé. Ìdánwò ni Principals' Cup jẹ́. Ohun tó yẹ kó sọ fún wa ni bóyá ilé ìwé wa ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Bí a bá lọ yá ìdáhùn, ó ti parí, kò lè sọ nǹkan kan fún wa mọ́.

Ẹ wo bó ṣe rí fún orílẹ̀-èdè wa náà. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni Nàìjíríà ti gba ife àgbáyé àwọn ọmọdé, láti 1985 ní Ṣáínà títí dé 2015. Kò sí orílẹ̀-èdè tó tíì gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ àgbà wa ńkọ́? Kò kọjá ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún rí ní ife àgbáyé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fà á, a ò ní í di ẹbọ náà ru ọjọ́ orí nìkan. Àmọ́ gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní “ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù”, a sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́dún 2009, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa gan-an ni wọ́n ti gbá ife àwọn ọmọ tí ò tíì ju ọdún 17 lọ, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Ìwé ò tó wọn mọ́, egungun ni wọ́n fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ibo lẹ rò pé wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti parọ́ ọjọ́ orí? Nínú ilé ìwé ni, níwájú gémù másítà, pẹ̀lú owó àwa ẹ̀gbọ́n rere.

Èsì kejì ló lágbára. Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Ẹ̀yin ò rí i pé ọmọ tálákà làwọn ọmọ yìí? Ààyè la fún wọn káwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù lè rí wọn.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, torí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí.

Lọ́dún 2004, tá a wà ní SS2, ikọ̀ wa dé kọ́tà-fáínà. Fọ́tò wọn ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé títí dòní, gíláàsì ẹ̀ ti là lápá kan. Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. A lè sọ bí mẹ́sàn-án nínú wọn ṣe ń ṣe: ọ̀kan ti di nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ọ̀kan ti dolóògbé. Àwọn méjì tó kù, Baggio àti Síńbà la máa ń pè wọ́n. Àwọn ló gbá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn góòlù tó gbé wa débẹ̀. A gbé wọn sórí ọrùn. Lónìí, kò sẹ́nì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. A bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó kó wọn wá nígbà yẹn. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ ibi tí wọ́n wà. Wọn ò ṣe WAEC pẹ̀lú wa. Kò sẹ́ni tó wá wò wọ́n láti kíláàbù kankan tá a gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tá a já bọ́ ni wọ́n dá jẹ́sì padà, tí wọ́n gba owó ọkọ̀.

Ṣé ìrànlọ́wọ́ nìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kó mú un wá sí SS1, kó ra ìwé fún un, kó jẹ́ kó jókòó sí kíláàsì ọdún mẹ́ta, kó sanwó WAEC ẹ̀. Àwa máa dá sí i. A sọ ọ́ níbi ìpàdé, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn la nílò, a ò nílò ọmọ yẹn.

Ẹlòmíì tún wà tí ò sí nínú fọ́tò náà. Gbogbo họlidé gígùn ọdún yẹn ló fi ń jí ní aago márùn-ún ìdájí lọ sáré. Nọ́ńbà 7 ni. Nígbà tílé ìwé wọlé, Baggio ló gba jẹ́sì ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, kò wá mọ́. Ó wà lára àwa tá a ń kọ èyí. Kò fẹ́ ká sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Lọ́dún 2004, àwa fi síbẹ̀, a sì tún jó.

Ohun tó wá ń múnú bí wa jù ni pé wọ́n ń fi orúkọ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. “Ibí yìí ni Keshi ti jáde!” Bẹ́ẹ̀ ni. St. Finbarr's ní Akọka ni Stephen Keshi lọ kó tó di ọ̀gá ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà lọ́dún 1994, tó sì tún padà gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì lọ́dún 2013. Ibẹ̀ náà ni Henry Nwosu lọ, òun ló kéré jù nínú ikọ̀ tó na Algeria 3-0 ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980. Haruna Ilerika, Zumratul Islamiyyah ló gbá a fún kí Stationery Stores tó mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ilé ìwé ló ni wọ́n, àwọn náà ló ni ilé ìwé. Ìdí nìyẹn tí inú àwọn ilé ìwé yẹn fi ń dùn láti dárúkọ wọn. Ta ló máa dárúkọ Baggio?

Bọ́ọ̀lù ilé ìwé tún níṣẹ́ kan tí akádẹ́mì kì í sábà ṣe: ó máa ń dúró de ọmọ tí ara ẹ̀ ò tètè dàgbà. Ní Jàpáàn, ìdíje àwọn ilé ìwé girama ti wà láti 1917, ilé ìwé 48 ló sì ń gbá a. Keisuke Honda wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé Gamba Osaka, wọn ò mú un lọ sí ìpele tó kàn. Ilé ìwé girama Seiryo ló gbà á. Lọ́dún 2010, òun ló gbá góòlù tí Jàpáàn fi na Cameroon ní ife àgbáyé. Ká ní Seiryo ti lọ kó géńdé mẹ́rin wá síwájú ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ nípa sáà tó ń bọ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òun la bá débẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù dáa. Èyí tó ń gbá àárín lè gbé bọ́ọ̀lù wo iwájú, kò ní í sáré bínú. Kípà tuntun, SS1 ni. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ga sókè, ó máa ń dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ọwọ́ ẹ̀yìn ò sí rárá. Ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní JSS3 wà tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a; ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ wò ó, ẹ̀ẹ̀mejèèjì la gbàgbé láti lọ síbi iṣẹ́ lásìkò. Ẹnikẹ́ni tó bá tì í báyìí, ó ti ṣubú. Lọ́dún méjì sí i, kò ní í ṣubú.

Pápá? Ìdajì ẹ̀ ti di ilé kíláàsì láti ìgbà tí wọ́n ti pín ilé ìwé sí Junior àti Senior nínú ọgbà kan náà. Ìdajì tó kù, àwọn Junior máa ń tò sórí ẹ̀ láàárọ̀. Nítorí náà, aago mẹ́fà àbọ̀ ìdájí ni àwọn ọmọ ń gbá a. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni wọ́n ní, ọ̀kan ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gémù másítà ló ń fi owó ara ẹ̀ ra omi fún wọn.

Owó tí wọ́n fẹ́ fi kó ọmọ mẹ́rin wá, tó máa wọ owó ọkọ̀ wọn, yúnífọ́ọ̀mù, kóòtù, àti “nǹkan ọwọ́” tí wọ́n máa fún akádẹ́mì, ó tó ra bọ́ọ̀lù mẹ́wàá àti bàtà fún ọmọ ogún, ó sì tún máa ṣẹ́ kù tá a lè fi fún wọn ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́yìn ìdárayá títí tẹ́ẹ̀mù á fi parí. A ti ṣírò ẹ̀, a ti fi ránṣẹ́ sí akápò. Tí wọ́n bá gbà, a máa jáde ní ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá a máa dé ìpele kejì. Lọ́dún kẹta, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì yẹn á wà ní SS3. Ìgbà yẹn ni ká tó wá jókòó fi wákàtí méjì jiyàn.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa dìbò. Ẹ̀gbọ́n wa ti ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwa la fẹ́ ba orúkọ ilé ìwé jẹ́. Àwa náà ń pe àwọn èèyàn. Tẹ́ ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin là ń bá wí.

Nígbà tá a lọ wo àwọn ọmọ gbẹ̀yìn, ọmọ yẹn wá bá wa níbi tó ti ń tú okùn bàtà ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ máa kó àwọn kan wá. Ṣé òótọ́ ni?” A sọ fún un pé a ò tíì mọ̀, ó di Sátidé. Ó ní “Ó dáa, sà,” ó gbé báàgì ẹ̀, ó sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń tò.