Ohùn Mẹ́rin, Ọ̀rọ̀ Kan: Àrà Tó Yẹ Kí Akọrin Ìwó Dá

Ìṣòro kan wà nínú orin ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ti fara mọ́ débi pé ọ̀pọ̀ kò kà á sí ìṣòro mọ́. Orin tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá láti òkè òkun ti ní ohùn tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wọ inú rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ wọn ka sílébù, sílébù sì bára mu, ṣùgbọ́n ohùn orin a máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Bí ẹsẹ kìíní bá tilẹ̀ ṣe déédéé, ohùn kan náà ni wọ́n máa fi kọ ẹsẹ kejì àti ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Orin olóhùn mẹ́rin tún dá kún un. Kí á mú gbólóhùn bíi "ọwọ́ Olúwa". Bí sopírano bá kọ "ọwọ́" ní re-mí, ọ̀rọ̀ náà dúró. Ṣùgbọ́n òfin hámónì tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ orin fẹ́ràn kí báàsì máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí sopírano bá ń gòkè. Báàsì tó bá tẹ̀ lé òfin yẹn níbí ti kọ "ọwọ̀ Olúwa", ìyẹn ni pé ìgbálẹ̀ ló ń kọrin nípa rẹ̀. Nínú àádọ́ta akọrin tó ń pariwo, etí lè má gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ṣì ti bàjẹ́ lẹ́nu apá kan ẹgbẹ́.

Àwọn àgbà olórin ti rí èyí tipẹ́. T.K.E. Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Marina, Èkó, tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kó darí ohùn orin. Fela Sowande, tí wọ́n bí ní 1905, jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí Sowande dé Lọ́ńdọ̀nù, ó tẹ dùùrù fún ìjọ ní Kingsway Hall, ó sì tún jẹ́ oníjáàsì tó bá Fats Waller tẹ dùùrù pọ̀. Ọ̀nà méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tó kù ni kí ẹgbẹ́ akọrin kan gbé méjèèjì pàdé lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀.

Ìwó ló yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Fásitì Bowen wà, tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 2001 tó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin. T.J. Bowen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, kò sì tíì pé ọdún mẹ́wàá tó fi tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde, ní 1858. Fásitì tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó jókòó kọ́ ohùn èdè yìí kò gbọdọ̀ gbà kí akọrin rẹ̀ máa kọ ọ́ ní àkọgbé.

Akọrin tí iṣẹ́ náà fẹ́ kì í ṣe èrò púpọ̀. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún sí mẹ́rìnlélógún ti tó, láìsí kíbọ́ọ̀dù, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nínú ẹgbẹ́ kékeré, olúkúlùkù ń gbọ́ ara rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ẹnìkejì rẹ̀; ohùn tó bá ṣìnà kò ríbi sá sí.

Jáàsì olóhùn ló sì ní irinṣẹ́ tó bá a mu. Nínú rẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fara mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, kí wọ́n jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀, bí àwọn onísaksofóònù ṣe máa ń fun ún nínú ẹgbẹ́ jáàsì ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ orin ni àwọn Four Freshmen nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú èyí ní Indianapolis ní 1948. Wọn kò ro ti Yorùbá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn bá Yorùbá lára mu: bí gbogbo ohùn bá jọ gòkè lórí "ọwọ́", sopírano, álítò, ténọ̀ àti báàsì ni yóò kọ "ọwọ́", níbi yòówù tí olúkúlùkù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kúkú ti ń kọrin lóhùn méjì tó ń rìn pọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé àwọn baba wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí.

Orin tó bá ń rìn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò sú etí, òótọ́ ni. Jáàsì ní èsì fún ìyẹn náà. Ní 1963, Swingle Singers, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ tí Ward Swingle kó jọ ní Paris, gbé àwo kan jáde tí wọ́n ti fi ẹnu kọ orin Bach láìlo ọ̀rọ̀ kankan. Ohùn tí kò bá gbé ọ̀rọ̀ kò ní ìtumọ̀ tó lè bàjẹ́. Kí ohùn kan tàbí méjì gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí àwọn yòókù máa kùn, tàbí kí wọ́n máa fi ẹnu ṣe ìlù: kí báàsì ṣe ìyáàlù, kí álítò ṣe gúdúgúdú. Níbẹ̀, hámónì lè lọ síbi tó bá wù ú.

Ìwó tún ní ohun mìíràn. Ìlú tí Ìsìláàmù ti rinlẹ̀ ni, wéré sì jẹ́ orin tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí ará àdúgbò fún sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀. Inú wéré ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde. Olórin wéré mọ bí a ṣe ń fa ohùn láti ìsàlẹ̀ yọ́ dé òkè lórí sílébù kan, ohun tí ìwé orin ìjọ kò lè kọ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ orin tó bá fẹ́ mọ bí akọrin jáàsì ṣe ń tẹ ohùn yóò rí olùkọ́ rere láàárín ìlú kí ó tó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan yóò sọ pé orin ilé ọtí ni jáàsì, pé kò yẹ akọrin ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Kí wọ́n wo Take 6. Ní 1980 ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Oakwood College, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Adventist ní Huntsville, Alabama. Orin ẹ̀mí ni wọ́n ń kọ, hámónì jáàsì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àwo wọn àkọ́kọ́ tó jáde ní 1988 sì gba ẹ̀bùn Grammy méjì. Kí wọ́n tún wo Òṣogbo tó wà nítòsí. Ní 1961, Dúró Ládípọ̀ gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde ní ìjọ All Saints, àríyànjiyàn ńlá sì bẹ́ sílẹ̀. Nínú ìgboyà yẹn ni eré rẹ̀, Ọba Kò So, ti wá ní 1963, tó sì dé Berlin ní 1964. Lónìí, ìjọ Yorùbá tí kò lu ìlù ṣọ̀wọ́n.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àfarawé Amẹ́ríkà ni. Àfarawé ni tó bá jẹ́ pé orin Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ pẹ̀lú ahọ́n Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ Ladysmith Black Mambazo ti South Africa kọrin ní èdè Zulu, ní ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wọn gbà ń kọrin, gbogbo ayé sì wá gbọ́ wọn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà àjèjì, ẹrù ilé ni kó gbé lọ tà.

Iṣẹ́ náà kò sì kọjá agbára ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ orin fún akọrin kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà ketekete, kí ó kọ ohùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní dò-re-mí, kí ó tó fi orin lé e. Nígbà ìdánrawò, kí olùdarí dá ohùn kọ̀ọ̀kan yà: kí báàsì nìkan kọ tirẹ̀ níwájú ẹni tí kò rí ìwé orin. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yé onítọ̀hún, orin náà yege. Bí kò bá yé e, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Kí wọ́n pe olórin wéré àti onírárà wá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ fún wọn bí wọ́n ṣe ń san fún olùkọ́. Kí orin tuntun kan ó kéré tán jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ ní sólífà kí akọrin ìlú mìíràn lè rí i lò. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe èyí yóò fún àwọn ìjọ ní orin tí wọ́n lè kọ lóhùn mẹ́rin láìba ọ̀rọ̀ jẹ́, yóò sì fún jáàsì ayé ní ohun tí kò tíì ní.