Ẹ Má Ṣe Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Orin

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwa tí a ń kọ́ èdè, n kò sì lè pa á mọ́ra. Àwọn kan ní ìgbéraga ni kí ẹgbẹ́ akọrin dúró níwájú èrò, kí wọ́n máa kọ orin Rọ́ṣíà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Wọ́n ní kí a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ará ilé gbọ́, kí a fi ohùn kan náà kọ ọ́, ó parí.

Kò parí o. Ẹ wo Kanon Pokajanen, orin ìrònúpìwàdà tí Arvo Pärt ará Estonia ṣe. Èdè Slavonic àtijọ́, tí Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Rọ́ṣíà fi ń gbàdúrà, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Pärt kò kọ́kọ́ wá ohùn dídùn kí ó tó wá ọ̀rọ̀ tì bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ló bí ohùn: iye sílébù, ibi tí a ti ń tẹ ohùn mọ́ ọ̀rọ̀, títí kan àmì ìdánudúró, àwọn ni ó sọ bí orin yóò ti gùn tó àti ibi tí yóò ti sinmi. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ náà kúrò ti yọ òpó ilé, ó sì ń retí kí òrùlé dúró.

Ta ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba? Estonian Philharmonic Chamber Choir ni, ẹgbẹ́ tí Tõnu Kaljuste dá sílẹ̀ ní 1981. Òun náà ló darí wọn ní Cologne, nílẹ̀ Jámánì, ní 1998. Èdè Estonia kò bá Slavonic tan. Ti Finland ló bá tan. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ, nítorí orin niṣẹ́ òòjọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè wá ń wí fún mi pé wàhálà náà pọ̀ jù!

Wọ́n ní ṣebí àwọn baba wa túmọ̀ orin ìjọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, àbùkù rẹ̀ sì wà létí wa lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo: ohùn orin a sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó gòkè, ọkọ́ a sì di ọkọ̀. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kátídírà Krístì l'Ékòó, tó sì tẹ ìwé Yoruba Music jáde ní 1953, kò fara mọ́ irú èyí: ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ló fi ṣe atọ́nà orin tirẹ̀. Ṣé àwa tí ìyà yìí ti jẹ ni yóò tún fi jẹ ẹlòmíràn?

N kò ní kí olùgbọ́ jókòó sínú òkùnkùn. Kí a tẹ ìtumọ̀ sínú ìwé pélébé, kí a pín in lẹ́nu ọ̀nà, kí olúkúlùkù kà á kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àwa ọmọ èdè nìyẹn. Bí ọ̀gá akọrin kan bá wá bẹ̀ mí lọ́la pé kí n túmọ̀ Kanon sí Yorùbá fún kíkọ, ìwé pélébé náà ni n ó kọ fún un.