Ẹ Kọ́kọ́ Ka Ọdún Ara Rẹ̀: Lẹ́tà sí Àwọn Tó Ń Ra Wúrà ní Gounghin

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń ra wúrà ní àdúgbò Gounghin,

Tí obìnrin bá mú owó wúrà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, kí ẹ tó bi í léèrè ohunkóhun, ẹ ti fi ha òkúta ìdánwò. Ẹ ó kán ásíìdì sórí ilà tó fà, ẹ ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ ó dá iye sẹ́fà lé gíráàmù. Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó wo ọdún tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo owó wúrà ni òṣùwọ̀n ń purọ́ fún. Owó ogún fráǹkì àwọn Faransé tó ní àkùkọ lẹ́yìn ń wọn 6.45 gíráàmù, ojúlówó wúrà inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 5.81. Ó pọ̀ nílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tó bá ti gbó, iye wúrà inú rẹ̀ náà ni iye rẹ̀. Ẹni tó bá ń bá yín fa ìyẹn, ariwo ló kàn fẹ́ pa.

Owó ìrántí ni mo ń bá yín jà lé lórí. Côte d'Ivoire ṣe ti ààrẹ rẹ̀, Houphouët-Boigny, ní 1966, fráǹkì 10, 25, 50 àti 100. Mali ṣe ti ààrẹ tirẹ̀, Modibo Keita, ní 1967, Senegal tẹ̀ lé e ní 1968, Dahomey ní 1971. Wọn ò ṣe wọ́n fún àtiná lọ́jà. Àwọn tó ń kó owó jọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, òmíràn sì ń dán débi pé èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìka lásán kàn án, àmì á kù síbẹ̀. Ká má tíì wá sọ ti òkúta yín, tàbí ti ìkọ́ tí ẹ ń jó mọ́ ọn kí wọ́n lè fi kọ́rùn. Lóṣù Jánúárì 1980 tí áúńsì wúrà kan di dọ́là 850, ọ̀pọ̀ owó wúrà ló wọ iná káàkiri ayé. Èyí tó bọ́ nínú iná ló kù yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún owó gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ bá ṣe rí, láti 1 dé 70. William Sheldon ló gbé e jáde ní 1949 fún sẹ́ǹtì bàbà àtijọ́, iye owó gan-an ló sì ní lọ́kàn: èyí tó gba 70 yẹ kó tó ìlọ́po 70 èyí tó gba 1. Ìṣirò yẹn ti kú tipẹ́, nọ́ńbà ò kú. Ilé iṣẹ́ PCGS tó ń fún owó ní nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ ní 1986, irú rẹ̀ kejì, NGC, ní 1987. Wọ́n á wo owó, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á dé e mọ́ inú ike. Láàárín 64 àti 65, owó ńlá lè wà níbẹ̀ ní gbàǹjo, bẹ́ẹ̀ ojú èèyàn ló pín in. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fọ́ ike ọ̀hún, wọ́n á tún fi owó kan náà ránṣẹ́, bóyá ojú ẹlòmíràn á fi ẹyọ kan kún un. Mi ò ní kí ẹ máa forí balẹ̀ fún nọ́ńbà o. Owó 20 dọ́là ti 1933 tí wọ́n tà ní New York ní 2021 ní dọ́là mílíọ̀nù 18.9 gba 65 lóòótọ́, wúrà inú rẹ̀ ò sì tó áúńsì kan. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni òfin Amẹ́ríkà gbà kí aládàáni ní. Ìtàn rẹ̀ ló tà á.

Ohun kan ni àwọn onínọ́ńbà kì í bá ara wọn jiyàn lé: owó tí wọ́n bá ti fọ̀, tí wọ́n ha, tàbí tí wọ́n jó nǹkan mọ́, àbùkù rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sára ike dípò nọ́ńbà. Àbùkù yẹn, ọwọ́ tiyín ló ń ṣe é, kí ẹ tó dá iye lé e.

Ẹ sì ní ọ̀nà míràn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn wúrà nínú omi. Ojoojúmọ́ lẹ fi ń wọn wúrà tó bá ti ibi ìwakùsà wá. Owó ogún fráǹkì yẹn á wúwo tó nǹkan bíi ìlọ́po 17 omi tó gba àyè kan náà, láìsí ilà kankan lára rẹ̀. Ẹ di etí rẹ̀ mú. Ẹ fi awò kékeré orí tábìlì yín ka ọdún àti orúkọ ìlú, kí ẹ sì kà á sí obìnrin náà létí. Tó bá jẹ́ iye wúrà nìkan lẹ lè san, ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀, kó lè pinnu bóyá yóò tà á tàbí yóò gbé e padà sílé.

Èmi ni, ará àdúgbò yín.