Ẹ Má Dá Kọ̀ǹpútà Lẹ́bi

Bí iṣẹ́ fíìmù ńlá bá dojú rú, ohun tí àwọn tí ń gé fíìmù, tí ń tò ó pọ̀, sábà máa ń wí ni pé kọ̀ǹpútà àwọn kò lágbára tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí Francis Ford Coppola yà fún Apocalypse Now, tí ó jáde ní 1979, lé ní 230 wákàtí. Walter Murch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé e kù sí nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi gé e. Nọ́ńbà ara fíìmù àti ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi mọ ibi tí ohun gbogbo wà.

Tiwa ńkọ́? Mo rí iṣẹ́ kan lórí àwọn àgbà onídùndún, tí fáìlì rẹ̀ ń jẹ́ “ìkẹyìn”, “ìkẹyìn pátápátá”, “ìkẹyìn tòótọ́”. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ! Wọ́n kó àwòrán kúrò níbi tí ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ kò rí i mọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ bàjẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi sára orúkọ fáìlì. Ẹ pín iṣẹ́ ńlá sí apá kéékèèké. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà síbi méjì. Díẹ̀ nínú àwọn àgbà náà ti lọ. Bí a kò bá rí ohùn wọn mọ́, àwa fúnra wa ni a sin wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.