Ọmọ Ọ̀jọ́ tí kò dé Àgbádárìgì rí

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Èyí tí kò dé oko baba tirẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù kẹwàá, àwọn ará ìlú òyìnbó a máa kó ọmọ wọn lọ wo òkè àti adágún, wọn a sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Àwa ará Navy Town, Ìbà àti Okokomaiko kò ní òkè, ṣùgbọ́n a ní ọ̀sà, Àgbádárìgì kò sì jìnnà. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí wọ́n parí ní 1845. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu, ẹ ó tẹ yanrìn tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun.

Ọ̀nà ló ń lé ọ̀pọ̀ òbí sá. Láti 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́. Rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní 2023, Okokomaiko ni wọ́n ní yóò parí sí. Kí ìjọba parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, kó sì rí i pé gbogbo èrò ojú omi ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ yọ Sátidé kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ìtàn tí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí kì í tètè gbàgbé.