Orúkọ Ìlú Kì í Pọ́n Ọ̀bẹ

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀bẹ ní ọjà Kàbà, orúkọ orílẹ̀-èdè ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á. “Jámánì ni èyí o.” “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Ṣáínà ni.” Èyí tí wọ́n bá pè ní Jámánì, owó rẹ̀ á ga, èyí tí wọ́n bá pè ní Ṣáínà, wọn á fi ojú tín-ín-rín wò ó. Èyí tí alágbẹ̀dẹ ìlú rọ ńkọ́? Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń kó o sí, àfi bí àgbàlagbà kan bá béèrè fún un. Àwa ọ̀dọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ilé jọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń ná lówó jù, nítorí a ti gbà pé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára irin ni ó ń sọ bí irin náà ṣe dára tó.

Bẹ́ẹ̀, orúkọ tí a ń forí balẹ̀ fún yìí, ẹ̀gàn ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ké gbàjarè pé àwọn ará Jámánì ń ta ayédèrú ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń tẹ orúkọ Sheffield sí i lára. Ní 1887, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ọjà òkèèrè kò gbọdọ̀ gbé àmì tí yóò mú kí oníbàárà rò pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, àfi bí wọ́n bá kọ ibi tí ó ti wá gan-an sí i. Báyìí ni “Made in Germany” ṣe dé ara ọ̀bẹ, kí ẹni tó bá rí i lè sá fún un. Àwọn ará Jámánì tún iṣẹ́ wọn ṣe, ẹ̀gàn sì di ògo. Láti 1938, òfin ti ń dáàbò bo orúkọ ìlú Solingen lára ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n Zwilling, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Solingen ní 1731, ń ṣe ọ̀bẹ ní Seki ní ilẹ̀ Japan àti ní Shanghai pẹ̀lú. Ní Ṣáínà kan náà, ìlú Yangjiang wà tí iṣẹ́ ọ̀bẹ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Èyí tó dára ń ti ibẹ̀ jáde, èyí tí kò dára náà ń ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀bẹ wo wá ni ọ̀bẹ Jámánì?

Ohun tó ń mú ọ̀bẹ mú ni irú irin tí wọ́n fi ṣe é, àti ohun tí iná ṣe sí irin náà. Irin lásán rọ̀. Ẹ lè pọ́n ọn títí yóò fi mú bí abẹ, yóò kú kí ẹ tó bó iṣu mẹ́ta tán. Kábọ̀n, èròjà tó pọ̀ nínú èédú, ni ó ń sọ ọ́ di sítíìlì, kò sì gba púpọ̀: nínú ìwọ̀n 100 ọ̀pá irin ìkọ́lé, kábọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju 0.3 lọ, irin ọ̀bẹ tó dára a máa ní tó 0.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí alágbẹ̀dẹ kò bá mọ iná, asán ni irin rere. Yóò fi ẹwìrì fẹ́ iná títí irin yóò fi pọ́n fòò, yóò sì rì í bọ omi tàbí epo lójijì. Irin náà le nígbà náà, ṣùgbọ́n ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá jábọ́ sórí òkúta, ó lè ṣẹ́. Nítorí náà yóò tún yá iná díẹ̀, kí líle náà lè rọjú. Àwọn baba wa ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdí omi ni iṣẹ́ gan-an wà, kì í ṣe ìdí owú.

Ọ̀rọ̀ “kì í dógùn-ún” náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ púpọ̀. Harry Brearley, ọmọ Sheffield, ni ó po chromium mọ́ irin ní 1913, nígbà tí ó ń wá irin tí kò ní tètè jẹ fún ìbọn. Nígbà tí ó ní kí wọ́n fi rọ ọ̀bẹ, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bẹ tí kì í gé nǹkan ni ó hùmọ̀. Títí di òní, àwọn àgbà wa kan ṣì ń sọ pé ọ̀bẹ tó ń dán kì í mú. Àwọn mìíràn a mú òòfà dání lọ sí ọjà: bí òòfà bá ti gbá ọ̀bẹ mú, wọ́n gbà pé ayédèrú ni. Ìdánwò yẹn lè wúlò díẹ̀ fún ṣíbí àti ìkòkò. Ní ti ọ̀bẹ, òdìkejì ni. Irin ṣíbí tí òòfà kì í mú, nickel ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, iná àti omi kò sì lè mú irú rẹ̀ le. Bí òòfà kò bá mú ọ̀bẹ onírin yín rárá, nígbà náà ni kí ẹ fura.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ Kàbà kò dára nítorí pé irin ilẹ̀ wa kò dára. Irin ilẹ̀ wa wo? Lóòótọ́, ilẹ̀ Yorùbá ti yọ irin láti inú òkúta rí. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ola-Igbi nítòsí Ọ̀yọ́. Irin òkèèrè olówó pọ́ọ́kú ti pa iná àwọn ìléru wọ̀nyẹn. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń lò báyìí ni sípíríìnì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí mo bi bàbá kan léèrè ibi tí irin rẹ̀ ti wá, ó nawọ́ sí òkìtì kan lẹ́bàá ògiri: “Ọmọ mi, ọkọ̀ tó bá kú ni mò ń jẹ.” Ọkọ̀ Japan wà níbẹ̀, ti Jámánì wà níbẹ̀. Irin sípíríìnì sì ní kábọ̀n tó bí 0.6, ó sì yẹ fún ọ̀bẹ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí irin Jámánì wà nínú ọ̀bẹ abẹ́ tábìlì ju èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Jámánì polówó lọ.

Àwọn kan a ní bí Ajaokuta bá ń ṣiṣẹ́ ni, ọ̀bẹ wa ì bá ti dára. Ọ̀rọ̀ Ajaokuta dùn mí bó ṣe dun gbogbo ọmọ Kogí. Òkè irin Itakpe kò jìnnà sí wa, ní 1994 wọ́n ní iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ti parí dé ìdá 98 nínú 100, síbẹ̀ ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ irin. Ṣùgbọ́n ọ̀pá, wáyà àti irin ìkọ́lé ni wọ́n pète pé kí ó kọ́kọ́ máa ṣe. Ẹni tó bá fi ọ̀pá ìkọ́lé rọ ọ̀bẹ, ọ̀bẹ rírọ̀ ni yóò rí.

Àwọn alágbẹ̀dẹ kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní bò wọ́n. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn iná, nítorí náà ọ̀bẹ méjì láti ọwọ́ ẹnì kan náà lè yàtọ̀ síra wọn, èèkù míì a sì máa mì láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ mú fáìlì dání lọ. Ẹ fi fa ẹnu ọ̀bẹ náà jẹ́jẹ́: bí ó bá ń jẹ irin náà wẹ́rẹ́, ẹ dá a padà, bí ó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, irin náà ti le. Ẹ béèrè bóyá sípíríìnì ni. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan ní àgbẹ̀dẹ bàbá tí mo wí. Ọmọ rẹ̀ ń gun ọ̀kadà, ó ní kò sí ẹni tó ń wá ọ̀bẹ mọ́. Bí ẹ bá ra tirẹ̀, ẹ má fi sínú omi di ọjọ́ kejì, nítorí yóò dógùn-ún. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi àdín díẹ̀ pa á lára kí ẹ tó gbé e sókè.